Ẹ Bi Ìyá Àgbà: Ọyẹ́ Dé, Ọdún Dé, Ayọ̀ Ńkọ́?

Láti ọjọ́ tí ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní ilẹ̀ Benin níbí, tí eruku sì ti ń bo ewé igi, ni lẹ́tà ti ń wọlé sí wa lórí ọdún Kérésìmesì àti ọdún tuntun. Mo rò pé ìbéèrè nípa oúnjẹ àti aṣọ ni yóò pọ̀ jù, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí púpọ̀ nínú àwọn òǹkàwé wa ń béèrè ni bí ènìyàn ṣe lè ṣe ọdún kí ọdún náà sì dùn mọ́ òun fúnra rẹ̀, nítorí ó jọ pé àwọn tó ń ru ẹrù ọdún lórí kì í sábàá bá wọn jẹ nínú adùn rẹ̀. Mo yan lẹ́tà mẹ́rin. Èyí tó ti ọ̀nà jíjìn wá ni mo fi ààyè tó pọ̀ jù fún. Kí ẹ̀yin ará ilé má bínú.

*Ìyá Àgbà, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ọmọ Kétu ni mí, ṣùgbọ́n ó ti di ọdún mẹ́fà tí èmi àti ìyàwó mi ti ń gbé ní ẹ̀gbẹ́ ìlú Parisi ní ilẹ̀ Faransé. Ibẹ̀ ni a bí àwọn ọmọ wa méjèèjì sí. Bí oṣù Kejìlá bá ti dé, ńṣe ni ara mi máa ń wúwo. Inú òkùnkùn ni mo ti ń jáde lọ síbi iṣẹ́, inú òkùnkùn náà ni mo ti ń padà wálé. Àwọn ará ibí ń so iná mọ́ ojú fèrèsé, wọ́n ń ra ẹ̀bùn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọdún ọlọ́dún ni mo rí i pé mò ń wò. Àwọn ọmọ mi kò mọ Kétu, èmi náà kò sì mọ ọdún ibí. Kí ni kí a ṣe tí ọdún yóò fi di tiwa?* — Baba Ọmọ Méjì, Parisi

Baba Ọmọ Méjì, ẹ kú ọ̀gìnnìtìn, ẹ sì kú ìdálẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ òkùnkùn yẹn kúrò nílẹ̀, nítorí kì í ṣe ọ̀lẹ ló ń ṣe yín, kì í sì í ṣe àìmoore. Ayé tí a ń gbé yìí kò nàró ṣánṣán bí òpó. Ó fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, bó sì ti ń yí oòrùn ká, àsìkò a máa dé tí apá àríwá tí ẹ wà yóò fì kúrò lọ́dọ̀ oòrùn. Ọjọ́ 21 tàbí ọjọ́ 22 oṣù Kejìlá ni ojúmọmọ máa ń kúrú jù lọ níbẹ̀. Ní Parisi, nǹkan bíi wákàtí 8 àti ìṣẹ́jú 15 péré ni oòrùn fi ń wà lójú ọ̀run lọ́jọ́ náà, yóò sì ti wọ̀ kí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tó lù. Ní Àjàṣẹ́ wa níbí, ó lé ní wákàtí 11 àti ààbọ̀ tí a fi ń rí i lọ́jọ́ kan náà. Ẹni tí wọ́n bí sínú ìmọ́lẹ̀ Kétu kò lè ṣàì mọ irú àdánù bẹ́ẹ̀ lára.

Àwọn tó ni òkùnkùn náà gan-an kò fìgbà kankan gbà fún un láìjà. Gbogbo ohun tí ẹ ń rí lójú fèrèsé wọn yẹn, ọgbọ́n tí wọ́n dá sí i ni. Ní ọdún 1839, ní ìlú Hamburg ní ilẹ̀ Jámánì, oníwàásù kan wà tí ń jẹ́ Johann Hinrich Wichern, tó ń tọ́jú àwọn ọmọ tálákà nínú ilé kan. Àwọn ọmọ náà kò jẹ́ kó sinmi. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bi í bóyá Kérésìmesì ti dé. Ó mú ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ẹrù àtijọ́ kan, ó to àbẹ́là yí i ká, kéékèèké fún ọjọ́ iṣẹ́, ńláńlá mẹ́rin fún ọjọ́ Àìkú, wọ́n sì ń tan ọ̀kan kún un lójoojúmọ́ títí ọdún fi dé. Láti ara ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ yẹn ni òrùka ewé tútù tó ní àbẹ́là mẹ́rin, tí ẹ lè rí nínú ṣọ́ọ̀ṣì níbẹ̀, ti jáde. Ní Sweden, ọjọ́ 13 oṣù Kejìlá ni wọ́n ń ṣe ọdún Lúsíà Mímọ́: ọmọbìnrin kan á wọ aṣọ funfun, á dé adé tí àbẹ́là ń jó lórí rẹ̀, á máa kọrin bọ̀ pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú òkùnkùn òwúrọ̀, wọ́n á sì máa pín búrẹ́dì aládùn tí àwọ̀ rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú. Ní ilẹ̀ Faransé tí ẹ wà yẹn, láti ọdún 1570 ni ìlú Strasbourg ti ń ná ọjà Kérésìmesì tirẹ̀. Ẹ wò wọ́n dáadáa, kò sí èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ fún ìwòran nínú wọn. Ẹni tó ń tan àbẹ́là, ẹni tó ń po ìyẹ̀fun, ẹni tó ń gbé orin, àwọn ni ọdún ń dùn mọ́. Ẹ̀yin ń wò ó bí ọdún ọlọ́dún nítorí pé ọwọ́ yín kò sí nínú rẹ̀.

Ẹ má sì gbàgbé pé ọmọ ìlú tó mọ bí a ṣe ń fi òkùnkùn ṣeré ni yín. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí àwọn àgbà wa ní Kétu ni orírun rẹ̀ wà, tí UNESCO kéde ní 2001 pé ó jẹ́ ogún gbogbo ayé, tó sì wọ inú ìwé àkọsílẹ̀ wọn ní 2008, ṣebí òru ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀fẹ̀ á jáde nígbà tí ilẹ̀ bá ti ṣú pátápátá, á máa kọrin, á máa bú ẹni tó yẹ ní bíbú, á máa súre fún ìlú, ẹnikẹ́ni kò sì ní wò ó pé òtútù ń mú òun títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Òótọ́ ni pé kì í ṣe ọdún Kérésìmesì. Lẹ́yìn ìkórè ni wọ́n máa ń ṣe é, tàbí nígbà tí ọ̀dá tàbí àjàkálẹ̀ àrùn bá dé, tàbí nígbà tí nǹkan pàtàkì bá ṣẹlẹ̀ nílùú. Ohun tí mò ń sọ ni pé àwọn tó bí yín kò retí kí ilẹ̀ mọ́ kí wọ́n tó yọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi díẹ̀. Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Kétu, kì í ṣe ìrẹsì ló ń sọ fún mi pé ọdún ti dé. Ìyá mi ni. Bí ọyẹ́ bá ti mú ní òwúrọ̀, á fi háríhá àgbàdo dá iná sí ẹ̀yìnkùlé, gbogbo wa á sì yí iná náà ká bí ọmọ adìẹ. Òrí inú igbá á ti le bí òkúta. Á fi èékánná họ díẹ̀, á fi í sí àtẹ́lẹwọ́, á na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ iná títí òrí náà yóò fi yọ́, ìgbà náà ni á tó máa fi kan ètè wa lọ́kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà gìgísẹ̀. Ètè mi a máa ta mí. Mo ti di ìyá àgbà báyìí, mo ti jẹ oríṣiríṣi àkàrà òyìnbó, ṣùgbọ́n bí òórùn òrí tí iná yọ́ bá kàn mí nímú, ọdún ti dé nìyẹn. Ìyá mi kò mọ̀ pé òun ń dá àṣà kankan sílẹ̀. Ètè ọmọ ló ń tọ́jú. Èyí ni mo fi ń wọn nǹkan títí di òní: ohun tí ọmọ bá bi yín léèrè lọ́dún kejì pé ìgbà wo ni a ó tún ṣe é, òun ló ti di àṣà ilé yín. Ìyókù, ìnáwó ni.

Nítorí náà, ẹ mú ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ Wichern, kí ẹ sì fi àlọ́ wa sínú rẹ̀. Ní ọjọ́ Àìkú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó ṣáájú Kérésìmesì, bí oòrùn bá ti wọ̀, ẹ pa iná mànàmáná, ẹ pa tẹlifíṣọ̀n, ẹ tan àbẹ́là kan ní ọ̀sẹ̀ kìíní, méjì ní ọ̀sẹ̀ kejì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ pe, "Ààlọ́ o!" kí wọ́n dáhùn, "Ààlọ̀!" Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó rọrùn: ilé gbogbo sùn, Káńbó kò sùn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rò ó títí, kí wọ́n fọwọ́ kan ojú, kí wọ́n fọwọ́ kan etí, kí wọ́n tó mọ̀ pé imú ni. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, òkun ń hó yaya, ọ̀sà ń hó yaya, ọmọ burúkú torí bọ̀ ọ́. Bí ọmọ yín kò bá tíì rí ọmọrogùn rí, ẹ ti rí ohun tí ẹ ó jọ fi ro ọkà lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Àǹfààní kan wà tí ẹ lè má tíì fura sí. Ní ìgbà òtútù, aago Parisi àti aago ilẹ̀ Benin dọ́gba. Ìparí oṣù Kẹta ni wọ́n tó máa ń sún tiyín síwájú ní wákàtí kan. Nígbà tí aago méje alẹ́ bá lù lọ́dọ̀ yín, ó lù lọ́dọ̀ ìyá yín ní Kétu. Ẹ pè é lórí fóònù tó ń gbé àwòrán, ẹ gbé fóònù náà ti ẹ̀gbẹ́ àbẹ́là, kí òun fúnra rẹ̀ pa àlọ́ ọjọ́ náà. Àwọn ọmọ yín á gbọ́ bó ṣe ń wúkọ́ nítorí eruku ọyẹ́, wọ́n á gbọ́ ewúrẹ́ tó ń ké lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ sọ pé wọn kò mọ Kétu. Ibi tí mímọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ gba tiwọn náà. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kìíní, ọjọ́ àwọn amòye láti ìlà-oòrùn, gbogbo oníbúrẹ́dì ilẹ̀ Faransé ló ń ta àkàrà òyìnbó ribiti tí wọ́n fi nǹkan kékeré kan pamọ́ sínú rẹ̀. Bí wọ́n bá ti gé e tán, ọmọ tó kéré jù lọ nínú ilé á wọ abẹ́ tábìlì, á máa pe orúkọ ẹni tí wọn yóò gbé ègé kọ̀ọ̀kan fún, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣe ojúsàájú. Ẹni tí nǹkan náà bá bọ́ sí lẹ́nu ni ọba, wọ́n á sì fi adé oníwèé dé e lórí. Tiyín á yàtọ̀ díẹ̀. Ọba tó bá jẹ nínú ilé ọmọ Kétu, kí gbogbo ilé kí i ní kábíyèsí ní ìkúnlẹ̀ àti ìdọ̀bálẹ̀, kí ẹ sì sọ ìtàn Alákétu fún un: bí àwọn ọmọ ogun Dáhòmì ṣe sun Kétu ní ọdún 1886, bí ìlú ṣe tún padà jókòó ní 1894, àti bí ẹnubodè Àkábà Ìdènà ṣe wà níbẹ̀ títí di òní. Mo fẹ́ mọ ọmọ tí kò ní bèèrè èyí lọ́dún tó ń bọ̀.

*Ẹ̀yin ìyá wa, mo kí yín tìfẹ́tìfẹ́. Ọjà Ouando ni mo ti ń tajà. Ilé wa ni gbogbo ẹbí ọkọ mi máa ń kó wá ní Kérésìmesì, wọn kì í sì í dín ní ogójì. Láti alẹ́ ọjọ́ 24 títí di ọjọ́ 26, ìdí ààrò ni mo máa ń wà. Ẹ̀yìn tí wọ́n bá lọ tán ni mo máa ń rí i pé n kò jókòó jẹun pẹ̀lú ẹnikẹ́ni, gbèsè aṣọ ẹbí sì ń dúró dè mí ní oṣù Kìíní. Mo fẹ́ràn wọn o. Ṣùgbọ́n mo ti ń bẹ̀rù ọdún.* — Ìyá Ìbejì, Àjàṣẹ́

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú iṣẹ́ ilé. N kò ní tàn yín: ìwọ̀n ìgbà tí ẹ bá fi ń dá nìkan se gbogbo oúnjẹ náà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á ṣe máa jẹ ẹ́, wọ́n á sì máa rò pé bí ẹ ṣe fẹ́ kó rí nìyẹn. Àwọn àgbà ní àjọjẹ kò dùn bí ẹnì kan kò bá ní. Kí oṣù Kejìlá tó dé, ẹ gba ẹnu ọkọ yín sọ ọ́, nítorí ẹbí rẹ̀ ni, kí agboolé kọ̀ọ̀kan máa gbé ìkòkò kan wá. Àwọn kan á gbé ọ̀lẹ̀lẹ̀, àwọn kan á gbé àkàsà, àwọn kan á din dòdò. Ẹ̀yin, ẹ mú ẹyọ kan ṣoṣo tí ọwọ́ yín dùn sí jù, kí ẹ se é dé ojú àmì. Àwọn kan á kùn lọ́dún àkọ́kọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kùn.

Ó ti ṣe èmi náà rí. Lọ́dún kan, mo ra igi Kérésìmesì oníke, mo sì dúró ń so ọ̀já pupa mọ́ ọn títí adìẹ tí mo gbé kaná fi jóná kọjá kí a bù ú fún ajá. Ìyá ọkọ mi kò sọ nǹkan kan. Ó rán ọmọ sí oníàkàrà tó wà ní ìkóríta, a jókòó sórí ẹní, a jẹ àkàrà gbígbóná pẹ̀lú ẹ̀kọ, ó sì sọ títí di ọjọ́ ikú rẹ̀ pé Kérésìmesì tí òun gbádùn jù nìyẹn. Ó dùn mí nígbà náà. Kò dùn mí mọ́.

Ní ti gbèsè, ẹ̀yin tí ẹ ń tajà ni kí ẹ kọ́ mi ní ìṣírò, ṣùgbọ́n ẹ wò ó: bí ẹ bá ń dá 500 fráǹkì sí àjọ lọ́sẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kìíní fún ọ̀sẹ̀ 48, 24,000 fráǹkì ni yóò wà lọ́wọ́ yín kí oṣù Kejìlá tó wọlé. Iye yẹn gan-an ni kí ọdún jẹ. Aṣọ ẹbí ọdún tó kọjá kò tíì ya. Ẹ pààrọ̀ gèlè.

Ẹ tún wo àgbàlá yín dáadáa. Nínú ìlú Àjàṣẹ́ yìí, ó ṣòro kí agboolé Yorùbá kan wà tí kò ní Mùsùlùmí àti ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì nínú. Obìnrin ilé tí kì í ṣe Kérésìmesì ni ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ pè é kó wá bá yín wà nídìí ààrò fún wákàtí méjì, kí ẹ lè jókòó pẹ̀lú àlejò yín. Bó bá di ọjọ́ Iléyá, ẹ̀yin náà á lọ bá a dúró ti ẹran. Nígbà tí mo kọ́kọ́ wọ ilé ọkọ níbí, àwo tí a fi aṣọ bò ló kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu: ó ń ti ẹnu ọ̀nà kan bọ́ sí òmíràn ní gbogbo ọjọ́ ọdún, kì í sì í padà lófìfo. Bí kò bá tilẹ̀ sí ohun mìíràn, ọsàn méjì á wà nínú rẹ̀. Ẹ bu oúnjẹ sí àwo mẹ́ta kí àlejò kankan tó dé, kí ẹ sì fi ẹsẹ̀ ara yín gbé e lọ. Ìrìn yẹn á mú yín jáde kúrò nínú èéfín, ẹ ó sì rí ọdún lójú.

*Ìyá Àgbà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ọmọ mi ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún 9. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló ti ń so agolo tòmátì mọ́ ọrùn, tó ń lù ú káàkiri, ó ní òun fẹ́ bá àwọn ọ̀rẹ́ òun ṣe Kàlẹ́tà. Ọmọ ìjọ Sẹ̀lẹ́ ni wá. Ẹ̀rù ń bà mí pé egúngún ni wọ́n ń mú un lọ bọ.* — Ìyá Olúwaṣeun, Àjàṣẹ́

Ìyá Olúwaṣeun, ẹ fọkàn balẹ̀. Egúngún ní ilé tó ti ń jáde, ó ní àwọn baba tó ń ṣojú fún, ó sì ní ohun tí ọmọdé kò gbọdọ̀ mọ̀. Kàlẹ́tà kò ní ìkankan nínú wọn. Eré àwọn ọmọdé ni, àwọn Àgùdà tó padà dé láti Brazil ni wọ́n mú irú eré oníboojú bẹ́ẹ̀ wá sí etíkun wa, àwọn ọmọ àdúgbò sì ti sọ ọ́ di tiwọn. Ẹ̀yin náà ti rí wọn: ọ̀kan á fi bojú, á so ràfíà tàbí àkísà mọ́ ìdí, kò ní sọ̀rọ̀, á kàn máa gbọn ara, àwọn tó kù á máa lu agolo, wọ́n á máa kọrin níwájú ilé títí ẹ ó fi ju 25 tàbí 50 fráǹkì sílẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni ojú ọmọ tó wà lábẹ́ bojú. Gbogbo àdúgbò mọ ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n mọ bàtà rẹ̀, ìyá rẹ̀ ló wà lẹ́nu ọ̀nà tó ń wò ó, òun sì gbà tọkàntọkàn pé kò sí ẹni tó mọ òun.

Ohun tó yẹ kí ẹ bẹ̀rù ni ọ̀nà mọ́tò àti àwọn oní-zémíjàn, ìyẹn ọlọ́kadà, tó ń sáré ọdún. Ojú ọ̀sán ni kó máa lọ, nínú àdúgbò tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n, kí ẹ̀gbọ́n kan sì tẹ̀ lé wọn. Ṣùgbọ́n bí ọkàn yín kò bá gbà á rárá, ilé yín ni. N kò ní fi àṣà ìgboro lé ẹ̀sìn yín lórí. Ẹ kàn má fi ìlù agolo du ọmọ láì fi nǹkan mìíràn rọ́pò rẹ̀, pàápàá nígbà tí ìjọ yín ní ohun tó lágbára bẹ́ẹ̀. Nínú ìlú Àjàṣẹ́ yìí ni S. B. J. Oshoffa ti dá Ìjọ Mímọ́ ti Krístì láti Ọ̀run Wá sílẹ̀ ní 1947, ẹ sì mọ̀ jù mí lọ bí òru Kérésìmesì ṣe máa ń rí ní etí òkun Sèmè, tí èrò á kún bí omi, gbogbo wọn nínú sùtánà funfun, láìwọ bàtà lórí yanrìn tútù. Ọmọ ìjọ Kátólíìkì ni èmi, ṣùgbọ́n mo tẹ̀ lé aládùúgbò mi kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Òkun ń hó ní apá kan, orin ń dún ní apá kejì. Mo rí ọmọ kékeré kan tó sùn lọ lórí èjìká baba rẹ̀ tí àbẹ́là tí wọ́n ti pa sì wà ní ọwọ́ rẹ̀, tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín gbé àbẹ́là tirẹ̀ dání lọ́dún yìí, kó má jẹ́ pé ẹ̀yìn yín nìkan ni yóò máa wò.

*Màmá, ẹ kú iṣẹ́. Olùkọ́ ni mí, ọmọ Àjàṣẹ́, Ṣábẹ̀ẹ́ ni wọ́n gbé mi wá láti oṣù Kẹsàn-án. Owó ọkọ̀ kò ní jẹ́ kí n lè wá sílé ní ọdún yìí. Kò sí Kàlẹ́tà tí mo mọ̀ níbí, kò sí ẹbí, kò sí nǹkan kan. Mo rò pé màá kàn sùn títí ilé ìwé yóò fi wọlé.* — Olùkọ́ Tuntun, Ṣábẹ̀ẹ́

Ọmọ mi, ta ló sọ fún ọ pé kò sí nǹkan kan? Ṣé o ti gun òkè wọn? Àwọn àpáta ńlá tí ò ń wò láti ilé ìwé rẹ yẹn ni àwọn ará Ṣábẹ̀ẹ́ ti sá sí nígbà ogun, kì í ṣe òkúta lásán lójú wọn. Wá ọmọ ìlú kan tó mọ ọ̀nà, kí o bi í léèrè ibi tí àlejò lè dé àti ibi tí kò gbọdọ̀ dé, kí ẹ sì gbéra kí oòrùn tó yọ. Ní àsìkò ọyẹ́, ẹ̀fúùfù tó tutù á gbá ọ lójú ní òkè níbẹ̀, ìlú á wà nísàlẹ̀ nínú eruku funfun bí ẹni pé wọ́n fi aṣọ bò ó, ìró odó iyán á sì máa gòkè wá bá ọ láti agboolé kan sí òmíràn.

Tẹ̀ lé ìró odó yẹn sọ̀kalẹ̀. Olùkọ́ tí kò ní ẹbí ní ìlú, tí ó sì ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, gbogbo òbí ló ń retí kó yà lọ́dọ̀ àwọn, ojú ló ń tì wọ́n láti pè ọ́. Má ṣe kọ ìpè kankan. Bí o bá ń lọ, ra wàrà lọ́wọ́ àwọn obìnrin Fúlàní ní ọjà dání, kí o má baà lọ lọ́wọ́ òfìfo, kí o sì gba odó lọ́wọ́ ẹni tó ń gún un kí o gún díẹ̀. Wọ́n á fi ọ́ rẹ́rìn-ín, nítorí ọmọ Àjàṣẹ́ kò mọ iyán gún. Ẹ̀yìn ẹ̀rín yẹn ni wọn kò ní pè ọ́ ní àlejò mọ́.

Bí owó oṣù Kìíní bá wá wọlé, gbìyànjú kí o wà ní Àjàṣẹ́ ní ọjọ́ Àìkú kẹta oṣù náà, nígbà tí àwọn Àgùdà ń ṣe ọdún Bonfim. Wọ́n á fi orin Pọtogí yí ìlú ká pẹ̀lú fìtílà ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, Búríyàn, eré oníboojú wọn, á jáde pẹ̀lú màlúù àti obìnrin gìrìwò rẹ̀, lẹ́yìn ìsìn a ó sì jẹ ẹ̀wà tí a fi ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sè. Ilé mi wà ní ṣíṣí. Bí o bá ń bọ̀, bá mi ra igbá òrí kan ní ọjà Ṣábẹ̀ẹ́, nítorí òrí tiwọn kì í jọ èyí tí wọ́n ń kó wá tà fún wa níbí. Gbóòórùn rẹ̀ kí o tó sanwó. Bó bá ti ń kan ọ́ nímú bí epo àtijọ́, dá a padà fún ẹni tó ń tà á, kí o sọ pé ìyá àgbà kan ní Kétu ló kọ́ ẹni tó rán ọ.